Ọkọ́ àti Kálámù: Ìtàn Ọgbà Ẹ̀fọ́ ní Agbègbè Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkòkòmáíkò

Bí ènìyàn bá ti Mile 2 gba ojú ọ̀nà tí ó lọ sí Àgbádárìgì, tí ó kọjá Ọ̀jọ́, tí ó kan ẹnu ọ̀nà Ìbà, tí ó sì dé Òkòkòmáíkò, ohun tí ojú rẹ̀ yóò kọ́kọ́ rí ni ọkọ̀, ọjà, àti ilé tí ó fi èjìká kan èjìká. Kò jọ ibi tí a lè máa wá oko sí. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà yà kúrò lójú títì díẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé, kí ó wo àkùrọ̀ tí ó wà ní ẹ̀bá bárékè, kí ó wo abẹ́ àwọn òpó iná mànàmáná gíga, yóò rí ebè tẹ̀tẹ̀, ebè ṣọkọ, ebè ewédú, tí wọ́n tò tẹ̀léra bí ìlà inú ìwé. Ìtàn àwọn ebè wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé: ibi tí àwọn ohun tí ó wà lórí wọn ti wá, àwọn tí ó kọ́kọ́ rò pé ó yẹ kí a máa kọ́ni ní iṣẹ́ ọgbà pọ̀ mọ́ ìwé, àti bí ó ti ṣe ṣẹlẹ̀ tí ilé-ìwé, tí ó yẹ kí ó gbé ọkọ́ lé ọmọ lọ́wọ́ bí ohun iyì, fi sọ ọkọ́ di pàṣán.

Ilẹ̀ àwọn Àwórì ni gbogbo agbègbè yìí. Àwọn àgbà wọn a máa pìtàn Ọlọ́fin Ògúnfúnminíré, ẹni tí ó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde, tí ó ń tẹ̀lé àwo tí ó léfòó lórí omi títí àwo náà fi rì ní Ìṣẹ̀rí. Láti inú gbólóhùn náà, pé àwo ti rì, ni wọ́n ti ní orúkọ wọn. Ẹni tí ó bá tẹ etí omi dó kì í fi ọkọ́ ṣe olórí irinṣẹ́. Àwọ̀n, ìgèrè àti ọkọ̀ ọpọ́n ni baba ńlá wọn kọ́kọ́ gbójú lé, ọ̀nà omi tí ó sì ti Àgbádárìgì wá sí Èkó ni títì wọn kí títì tó dé. Ilẹ̀ tí ó wà lẹ́yìn ọ̀sà náà, yanrìn ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Omi kì í dúró nínú yanrìn. Ohun tí a bá bù sí i láàárọ̀, oòrùn ọ̀sán a ti béèrè rẹ̀. Àgbọn fẹ́ràn irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ kò fẹ́ ẹ. Síbẹ̀ ní àwọn ibi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀, tí omi òjò ń ṣàn jọ sí, a máa ń rí ilẹ̀ dúdú, omi a sì súnmọ́ òkè tó bẹ́ẹ̀ tí kànga tí kò jìn tó ìdúró ènìyàn a máa sun nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Òun ni àkùrọ̀.

Nípa ti òjò, Ọlọ́run kò fi ahun ṣe é ní ìhà ibẹ̀. Àkọ́rọ̀ òjò a máa dé ní nǹkan bí oṣù kẹta sí oṣù kẹrin. Òjò a le jù lọ ní oṣù kẹfà. A dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù kẹjọ. A sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, kí ọyẹ́ tó gba ojú ọ̀run. Ìgbà ìgbìn méjì ni èyí fún gbogbo ènìyàn, àkùrọ̀ sì ni ìgbà kẹta fún ẹni tí ó bá ní i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òtútù ni ń sọ fún ológbà pé kí ó dúró, ìgbóná tí ó tẹ̀lé òtútù ni ó sì ń sọ fún un pé kí ó máa bọ̀ wá gbìn. Ní ọ̀dọ̀ wa, òjò nìkan ni ó ń pàṣẹ, ẹni tí ó bá sì fi ìwé òyìnbó ka oṣù ìgbìn fún ilẹ̀ Ọ̀jọ́ yóò jìyà.

Ọgbà ẹ̀fọ́ àtijọ́ kò ní ọgbà yí i ká. Ẹ̀yìnkùlé ni, àtàn sì ni ọkàn rẹ̀. Níbẹ̀ ni àwọn obìnrin ilé ń da eérú ààrò sí, àti èèpo iṣu, àti ìdọ̀tí tí wọ́n gbá láàárọ̀. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá jẹrà, tẹ̀tẹ̀ a hù níbẹ̀ láì bẹ ẹnikẹ́ni. Ewúro a máa wà ní ẹ̀bá balùwẹ̀, níbi tí omi kì í gbẹ. Òdú, ebòlò àti yánrin, a kì í gbìn wọ́n. Ṣíṣà ni à ń ṣà wọ́n. Ṣọkọ ní tirẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ní kíkún jẹ́ ṣọkọ yọ̀kọ̀tọ̀, àwọn àgbà a máa fi orúkọ náà ṣe ẹ̀rín, wọ́n a ní ìyàwó tí ó bá ń sè é dáradára ni ó ń sọ ọkọ rẹ̀ di yọ̀kọ̀tọ̀. Kò sí ẹni tí ó ń pe gbogbo èyí ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Oko ni ti ọkùnrin, ó jìnnà. Ẹ̀yìnkùlé ni ti obìnrin, ó wà nílé, a kò sì kà á sí. Bóyá nítorí pé a kò kà á sí ni ìwé ìtàn wa fi sọ púpọ̀ nípa òróró ọ̀pẹ àti kòkó, tí kò sì sọ ohunkóhun nípa ọbẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé náà ni ó jẹ́ ọmọ onílé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni ilá, ewédú àti ewúro. Ṣùgbọ́n ata, tòmátì, àgbàdo, ẹ̀gẹ́, àti gbúre pàápàá tí ó jọ pé inú ilẹ̀ Èkó ni a ti dá a, láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti la òkun kọjá. Àwọn ọkọ̀ Potogí àti ti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí wọ́n ń kó ènìyàn lọ ní etíkun wa ni wọ́n kó irúgbìn bọ̀. Àgbádárìgì, tí ó wà ní òpin ojú ọ̀nà yìí gan-an, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹnu ibodè òwò burúkú náà. Nígbà tí àwọn Àgùdà sì padà wálé láti Bràsíl ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n mú ọgbọ́n gàrí ṣíṣe tàn kálẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí ènìyàn ń ṣọ́ra fún sì di oúnjẹ tálákà àti olówó. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń bá ara wọn jiyàn lórí bóyá ata jẹ́ ohun ìbílẹ̀. N kò rí ohun jiyàn níbẹ̀. Ohun tí ó ti ń ta wá lẹ́nu láti ìgbà àwọn baba ńlá wa ti di ọmọ ìlú.

Nísinsìnyí mo dé ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé fetí sí jù lọ. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án, ọdún 1842, ọkùnrin kan gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Gbogbo wa ni a mọ orúkọ rẹ̀: Thomas Birch Freeman, oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Gbogbo wa ni a ti kọ́ nípa igi Agíà tí ó wó ní 1959, lábẹ́ èyí tí wọ́n ti kọ́kọ́ wàásù. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ ilé-ìwé mẹ́wàá léèrè iṣẹ́ tí Freeman kọ́ kí ó tó di oníwàásù, bóyá ni ẹ ó rí ọ̀kan tí ó mọ̀ ọ́n. Ológbà ni. Ọmọ ológbà sì ni. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 6 oṣù kejìlá, ọdún 1809, ní Twyford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ènìyàn dúdú ni bàbá rẹ̀, ọgbà olówó ni ó ń tọ́jú. Ìyá rẹ̀, Amy Birch, sì jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ọmọ náà dàgbà, ó gba iṣẹ́ bàbá rẹ̀, ó sì di ológbà fún Sir Robert Harland ní Orwell Park, ní ìpínlẹ̀ Suffolk. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ orúkọ àwọn ewéko ní èdè Látìn, tí ó fi jẹ́ pé ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kò lè kọjá lára ewé àjèjì láì dúró wò ó.

Ẹ̀yin ẹ wò ó. Ọkùnrin tí ó fi ọwọ́ kan náà di ìwé àti ọkọ́ mú ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1838 ó dé Cape Coast. Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ìyàwó rẹ̀ kú, òun nìkan ni ó kù. Ó lọ sí Kumasi ní 1839. Ní 1842 ó dé Àgbádárìgì pẹ̀lú William de Graft àti ìyàwó de Graft. Ní oṣù kejìlá ọdún náà ó gòkè lọ sí Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nígbà tí ó sì padà sí Àgbádárìgì ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì, ó bá Henry Townsend ti C.M.S. tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Láti ibẹ̀ ó kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Gezo ọba Dàhómì. Ẹni tí ó ń rìn báyìí kò ní àyè ọgbà ní Àgbádárìgì, de Graft ni ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Gold Coast, tí í ṣe Gánà lónìí, ó dá oko ìjọ kan tí kò jìnnà sí Cape Coast, ó sọ orúkọ rẹ̀ ní Beulah, ó sì gbin kọfí àti àjàrà àti oríṣiríṣi nǹkan síbẹ̀, kí àwọn ọmọ ilé-ìwé lè máa kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú ẹ̀kọ́ ìwé.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni inú rẹ̀ dùn sí i. Ọwọ́ Freeman tú sí owó níná, àwọn alákòóso ìjọ ní Lọ́ńdọ̀nù sì ń kùn. Ní 1857 ó fi iṣẹ́ ìjọ sílẹ̀ nítorí gbèsè tí ó pọ̀. Gómìnà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe alákòóso agbègbè Àkráà fún ìgbà díẹ̀; lẹ́yìn èyí, kí ni ó fi bọ́ ara rẹ̀ àti ìdílé rẹ̀? Ọkọ́ ni. Ó jókòó sí itòsí Àkráà, ó ń gbin nǹkan, ó ń kọ̀wé, títí di 1873 tí ìjọ fi gbà á padà sí iṣẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1890 ni ó kú, ó ti di àgbàlagbà ẹni ọgọ́rin ọdún, ní etíkun tí a ń pè ní ibojì àwọn òyìnbó. N kò sọ pé ẹ̀fọ́ ni ó gùn ún ní ẹ̀mí. Ohun tí mo sọ ni pé nígbà tí ipò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ kò bọ́.

Ìrònú pé kí ìwé àti ohun ọ̀gbìn máa rìn pọ̀ kì í ṣe ti Freeman nìkan. Ní àkókò kan náà, Thomas Fowell Buxton ń wàásù ní Lọ́ńdọ̀nù pé Bíbélì àti ohun ìtúlẹ̀ ni yóò pa òwò ẹrú. Láti inú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni wọ́n fi rán àwọn ọkọ̀ mẹ́ta lọ sí odò Ọya ní 1841. Àjàyí Crowther, tí kò tí ì di àlùfáà nígbà náà, wà nínú wọn. Wọ́n ra ilẹ̀ ní ibi tí Lọ́kọ́ja wà lónìí, wọ́n dá oko àwòkọ́ṣe sílẹ̀. Ibà pa òyìnbó tí ó ju ogójì lọ. Alfred Carr tí wọ́n fi ṣe olórí oko náà sọnù lójú ọ̀nà, a kò gbúròó rẹ̀ mọ́, nígbà tí ó sì di 1842 wọ́n kó ohun tí ó kù kúrò níbẹ̀. Oko tí a fi ọkọ̀ ojú omi gbé wá láti òkèèrè, ọdún kan péré ni ó lò. Àtàn ẹ̀yìnkùlé tí ẹnikẹ́ni kò wàásù nípa rẹ̀ wà níbẹ̀ ṣáájú wọn, ó sì wà níbẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Ìjọba náà dá ọgbà tirẹ̀. Ní 1887, Gómìnà Alfred Moloney, ẹni tí ó kọ ìwé kan nípa igbó ilẹ̀ wa ní ọdún kan náà, dá ibùdó ewéko sílẹ̀ ní Èbúté Mẹ́ta. Kò sí irú rẹ̀ ní ìhà ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì kí ó tó dé, ti Aburi ní Gold Coast kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1890. Láti Ọ̀jọ́ dé ibẹ̀ kò jìnnà fún ẹni tí ó ní ọkọ̀ ọpọ́n. Ṣùgbọ́n ohun tí ọkọ̀ òkun yóò kó lọ sí òkèèrè ni ìjọba ń wá: rọ́bà, kọfí, kòkó, òwú. A kò dá a lẹ́bi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni. Ohun tí ó yẹ kí a kíyèsí ni pé láti ìgbà náà ni èrò kan ti wọ inú orí wa, pé ohun ọ̀gbìn tí ó níyì ni èyí tí a ń tà fún òyìnbó, èyí tí a ń jẹ kò sì ju ohun tí ìyá àgbà ń já ní ẹ̀yìn ilé lọ.

Ní 1920 àti 1921, ìgbìmọ̀ kan tí àjọ Phelps-Stokes ti Amẹ́ríkà rán jáde yí ká ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù Áfíríkà láti wo ilé-ìwé. James Aggrey, ọmọ Gold Coast, wà nínú wọn, òun nìkan sì ni ènìyàn dúdú láàárín wọn. Ìwé tí wọ́n gbé jáde ní 1922 sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀kọ́ tí kò bá ilẹ̀ tí ọmọ ń gbé mu kò pé, pé ó yẹ kí gbogbo ilé-ìwé ní ọgbà. Ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní 1925 sì tẹ̀lé ohùn náà. Èrò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n àwọn òbí kò gbà á bẹ́ẹ̀, n kò sì lè pè wọ́n ní òmùgọ̀. Bàbá tí ó ti fi ọkọ́ pa ẹ̀yìn ara rẹ̀ kò san owó ilé-ìwé kí wọ́n lè tún gbé ọkọ́ lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ó ti rí i pé akọ̀wé ni ń gba owó oṣù. Ó sì ń fura pé bóyá ẹni tí ó ń sọ fún òun pé kí ọmọ òun kọ́ oko kò fẹ́ kí ọmọ òun jókòó sórí àga òyìnbó. Ìfura náà ní ẹsẹ̀ nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ ni a ba ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tán. Ọmọ tí ó bá pẹ́ dé, ọkọ́. Ọmọ tí ó bá pariwo, àdá. Ọmọ tí kò bá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ jẹ́ kí ó lọ ro ebè olùkọ́ àgbà. Ní ilé-ìwé tí mo lọ nígbà tí mo wà lọ́mọdé, n kò rántí pé ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ lé wa lọ́wọ́ ní ọjọ́ tí a ṣe dáradára. Àwọn ọmọ tí ó gba ipò kìíní ni wọ́n ń jókòó sábẹ́ igi tí wọ́n ń wo àwa yòókù. Ẹ̀kọ́ tí èyí kọ́ wa wọlé jinlẹ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ojú pátákó lọ. Ọmọ tí a ti fi ọgbà nà fún ọdún mẹ́fà, kí ni yóò tún wá nínú ọgbà?

Ìgbà tí ebi bá dé ni ìlú ń rántí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà ogun 1939 sí 1945, oúnjẹ wọ́n ní Èkó, ìjọba sì fi Captain Pullen ṣe olórí ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1941 láti máa dá iye owó gàrí àti oúnjẹ mìíràn lé ọlọ́jà lórí. Àwọn obìnrin ọjà, tí Àlímọ̀tù Pẹlẹ́wùrà jẹ́ olórí wọn, kọ̀ jálẹ̀, nígbà tí ogun sì parí ìjọba jáwọ́. Ní 1976 ìjọba ológun ti Ọbásanjọ́ pe gbogbo ènìyàn sí ètò kan tí a ń pè ní Operation Feed the Nation, tí gbogbo wa mọ̀ sí O.F.N. Wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ sí oko nínú ìsinmi, àgbàdo sì hù níwájú ọ́fíìsì. Àwọn kan fi orúkọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé ni kò jáwọ́ nínú ẹ̀fọ́ gbígbìn láti ọjọ́ náà. Nígbà tí náírà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú lẹ́yìn 1986, kò sí ẹni tí ó tún nílò kí ìjọba pè é.

Ọ̀nà márosẹ̀ tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì ni ó yí ojú agbègbè yìí padà. Ní àwọn ọdún 1970 ni wọ́n là á. FESTAC dé ní 1977, pẹ̀lú ìlú tuntun tí wọ́n kọ́ fún un. Ibùdó ìpàtẹ ọjà àgbáyé dé ní ọdún kan náà. Bárékè wà ní Ọ̀jọ́. Ọjà Alábà di ibi tí gbogbo ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń wá ra rédíò. Ìjọba Jákàńdè kọ́ àwọn ilé sí Ìbà. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1983 ní ilẹ̀ Ọ̀jọ́. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, ọbẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ kò sì dàbí iṣu tí a lè fi ọkọ̀ gbé ti ọ̀nà jíjìn wá kí ó sì wà bẹ́ẹ̀. Èyí tí a já láàárọ̀, ní ìrọ̀lẹ́ ó ti rọ. Nítorí náà ni àkùrọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè kọ́lé sí fi di ohun tí à ń wá. Àwọn ará Àríwá wá, àwọn Ègùn wá, àwọn ará Benin àti Tógò wá, àwọn Ìgbò mú ùgwú wá, tí ó ti wọ inú ìkòkò Yorùbá lónìí bí ẹni pé ìyá wa ni ó bí i. Àwọn ọmọ onílẹ̀ Àwórì ń yá wọn ní ilẹ̀. Lórí ebè kan ṣoṣo ní ẹ̀bá títì yìí, ènìyàn lè gbọ́ èdè mẹ́rin kí oòrùn tó kan àtàrí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ti ń ṣe é, nítorí ọgbọ́n tí ó wà nínú rẹ̀ kò kéré, kò sì sí èyí tí a fi owó púpọ̀ rà. Wọn kì í kọ ebè ẹ̀fọ́ bí ebè iṣu. Gbọọrọ ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ lókè, kò sì fẹ̀ ju ohun tí apá ènìyàn lè nà dé àárín rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lọ, kí ẹnikẹ́ni má baà tẹ ilẹ̀ tí a ti bù rọ̀. Ní àkókò òjò wọ́n a gbé e ga kí omi lè ṣàn kúrò. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n a rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, wọ́n a sì ṣe etí fún un bí ti àwo, kí omi má baà sá. Ìgbẹ́ adìẹ ni wọ́n fi ń pọ́n yanrìn lé, ṣùgbọ́n kì í ṣe tútù. Èyí tí kò bá tí ì jẹrà a máa jó gbòǹgbò. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré ju etu lọ, bí a bá fi ọwọ́ lásán fọ́n ọn, gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sí ojú kan. Nítorí náà wọ́n a pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kí wọ́n tó fọ́n ọn, wọ́n a sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó títí yóò fi yọrí. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ó ti tó fà tu. Irúgbìn ewédú le lẹ́yìn. Bí a bá gbìn ín bẹ́ẹ̀, ó lè sùn títí. Wọ́n a dì í sínú aṣọ, wọ́n a tẹ̀ ẹ́ bọ omi tí ó ń hó fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n a sì yọ ọ́ kíákíá. Ìgbóná náà ni ń ṣí ilẹ̀kùn fún un. Gbúre àti ewúro kò nílò irúgbìn rárá, igi wọn ni à ń ṣẹ́ gún.

Ní ti irinṣẹ́, ohun tí ilé bá sọ nù ni. Garawa ọ̀dà tí ó ti ṣófo, a fi ìṣó lu ìdí rẹ̀ ní ihò wẹ́wẹ́, ó di ohun ìbomirin. Táyà ògbólógbòó tí a kó ilẹ̀ sí di ebè fún ẹni tí ó ní kìkì kọnkéré ní ẹ̀yìnkùlé; bẹ́ẹ̀ ni àpò ìrẹsì, bẹ́ẹ̀ ni ọpọ́n tí ó ti fọ́. Ọparun àti okùn ni wọ́n fi ń ṣe àtẹ́gùn fún ùgwú, àwọ̀n apẹja tí ó ti gbó ni wọ́n fi ń lé adìẹ, èyí sì dùn mọ́ mi nínú, nítorí ohun ìṣẹ́ àwọn Àwórì àtijọ́ ni ó tún dé inú ọgbà. Eérú ni wọ́n ń gbọ̀n sí ewé tí kòkòrò ń jẹ. Àwọn mìíràn a gún ewé dóńgóyárò, wọ́n a sẹ́ omi rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè ṣe gbogbo ohun tí mo kà yìí. Bí olùkọ́ bá sì fẹ́ fi í kọ́ni ní ìṣirò, kí ó ní kí àwọn ọmọ wọn gígùn ebè àti ìbú rẹ̀, kí wọ́n ka iye ìdì tí wọ́n já, kí wọ́n yọ owó ìgbẹ́ adìẹ kúrò nínú owó tí ó wọlé. Ìṣirò tí ó ní ọbẹ̀ ní òpin rẹ̀ kì í tètè kúrò lórí ọmọ.

Ṣùgbọ́n ewu méjì wà. Èkínní ni omi. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ẹni tí kànga rẹ̀ bá gbẹ a máa bu omi gọ́tà, omi gọ́tà ìlú ńlá sì kó ohun púpọ̀ mọ́ra tí ojú kò rí: ìgbẹ́ ènìyàn, òróró ọkọ̀, àti ohun tí ń ṣàn láti ibi tí wọ́n ti ń tú rédíò àti kọ̀ǹpútà àlòkù palẹ̀, tí òjé wà nínú rẹ̀. Ìgbẹ́ ènìyàn, a lè fi omi tó mọ́ fọ ẹ̀fọ́, kí a sì sè é, kí ó kú. Òjé kì í kú nínú iná. Ẹni tí ó bá ń gbìn fún ilé ara rẹ̀ lè yan omi. Ẹni tí ó ń rà lọ́jà kò mọ èyí tí wọ́n bù. Nínú èrò tèmi, ìdí tí ó tóbi jù lọ nìyí tí ilé tí ó bá ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní ẹ̀yìnkùlé kò fi gbọdọ̀ jẹ́ kí ó ṣófo.

Èkejì ni ilẹ̀. Àwọn tí mo ń sọ ìtàn wọn yìí, púpọ̀ wọn kò ní ìwé kankan lórí ibi tí wọ́n ń ro. Ẹ̀bá títì ti ìjọba ni, abẹ́ òpó iná ti ilé-iṣẹ́ mànàmáná ni, etí bárékè ti ọmọ ogun ni, ìyókù sì jẹ́ ti onílẹ̀ tí ó ń dúró de ẹni tí yóò rà á. Ní 2009 ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti mú ọ̀nà náà fẹ̀ títí dé Òkòkòmáíkò, pẹ̀lú ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láàárín rẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Marina dé Mile 2 ní ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án, ọdún 2023; Òkòkòmáíkò ni wọ́n ti pète láti ìbẹ̀rẹ̀ pé yóò parí sí. Kò sí ẹni tí ó ń gbé ní ìhà ibẹ̀ tí kò fẹ́ ọkọ̀ náà, nítorí ìyà ojú ọ̀nà yẹn kò ṣeé fẹnu sọ. Síbẹ̀ gbogbo ìgbà tí wọ́n bá da yanrìn sí àkùrọ̀ kan láti fi kọ́lé tàbí la ọ̀nà, ilẹ̀ dúdú tí ó gba ọgọ́rùn-ún ọdún kí ó tó dúdú a lọ sábẹ́, kì í sì í padà.

Àwọn olùgbìn náà mọ̀ ọ́n. Nítorí náà ni wọn kì í fi í já gbogbo tẹ̀tẹ̀ orí ebè tán. Wọ́n a fi àwọn díẹ̀ sílẹ̀ ní ìpẹ̀kun ìlà kí wọ́n lè so. Nígbà tí wọ́n bá gbẹ, wọ́n a gbọn irúgbìn wọn sórí aṣọ, wọ́n a fẹ́ ìyàngbò kúrò, wọ́n a dà á sínú ìgò, wọ́n a bu eérú lé e, wọ́n a sì dí i lẹ́nu, kí ó wà níbẹ̀ títí di àkọ́rọ̀ òjò, níbikíbi tí ilẹ̀ bá wà.